Gbèsè àti Security Clearance ní Amẹ́ríkà: Ohun Tí Ẹ Ní Láti Ṣe Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí SF-86

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ń bi mí lemọ́lemọ́: "Mo jẹ gbèsè. Ṣé wọ́n ṣì lè fún mi ní clearance?" Clearance ni àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan àṣírí ìjọba, SF-86 sì ni fọ́ọ̀mù tí ẹni náà ń kọ láti fi béèrè fún un. Àwọn kan nínú àwọn tó ń bi mí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun ni, àwọn kan rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ ní Maryland tàbí Virginia, àwọn mìíràn sì ti ní clearance tẹ́lẹ̀ kí wàhálà owó tó dé bá wọn. Ìdáhùn mi ni pé kò sí iye kan pàtó tí òfin kọ sílẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò lè rí clearance gbà. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn níjàǹbá ni gbèsè tí wọn kò ní ìwé kankan tí wọ́n lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ yín kò mọ̀ yín rí, fáìlì yín ló wà níwájú rẹ̀, ohun tí kò bá sì sí nínú fáìlì náà, lójú tirẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣà ìnáwó tiwa ti máa ń kó bá wa, nítorí owó àjọ, owó tí a fi rán ẹni tó ń lọ sílé, àti owó tí a yá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kì í sábà ní ìwé.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń fún ní clearance. Ìpele rẹ̀ mẹ́ta ni Confidential, Secret àti Top Secret. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ DCSA ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà, àmọ́ òfin owó tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí kan gbogbo ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀.

Ohun tí wọ́n ń wò

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni wọ́n ń pè ní SEAD 4, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2017. Orí 13 ló wà nínú rẹ̀, láti A dé M, orí F ló sì dá lórí owó. Ìdí tí wọ́n fi ka owó sí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tí gbèsè ká mọ́ lè fẹ́ ta àṣírí láti fi rí owó, àti pé ẹni tí kò mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ pẹ̀lú báǹkì lè má mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ pẹ̀lú ìjọba. Àwọn nǹkan tó lè fa ìfura nìwọ̀nyí:

- gbèsè tí apá yín kò ká, tàbí èyí tí apá yín ká ṣùgbọ́n tí ẹ kọ̀ láti san;
- àṣà àìsan gbèsè lásìkò tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín;
- jìbìtì: ayédèrú sọ̀wédowó, irọ́ nínú ìwé ẹ̀yáwó ilé, tàbí irọ́ lórí owó ìrìn-àjò iṣẹ́;
- ìnáwó tó ju agbára yín lọ;
- àìfi ìwé owó-orí ránṣẹ́ tàbí àìsan owó-orí;
- ọrọ̀ òjijì tí ẹ kò lè sọ ibi tó ti wá;
- owó tí ẹ yá láti fi ta tẹ́tẹ́.

Nínú gbogbo wọn, owó-orí ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹni tó jẹ báǹkì lówó nítorí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè rí àánú gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tó sì wá ń tọrọ pé kí ìjọba kan náà fi àṣírí rẹ̀ lé òun lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ṣòro gbè lẹ́yìn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù: ìgbésẹ̀ mẹ́fà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí ní oṣù mẹ́fà ṣáájú bí ààyè bá wà. Bí kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

1. Ẹ gba credit report mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí ni àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yá owó àti bí ẹ ṣe ń san án. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú rẹ̀: Equifax, Experian àti TransUnion. Ẹ lọ sí AnnualCreditReport.com, níbi tí ẹ ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe gba ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí gbèsè tí kò hàn nínú ọ̀kan lè wà nínú èkejì.

2. Ẹ kọ gbèsè kọ̀ọ̀kan sórí ìwé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ jẹ, iye tó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, oṣù tí ẹ dáwọ́ sísan dúró, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró báyìí, àti ohun tí ẹ ti ṣe sí i. Ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ ìwádìí yóò bi yín gan-an nìyí, ẹni tó bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní máa dá ọjọ́ àti iye rú mọ́ ara wọn lójú rẹ̀.

3. Ẹ tako èyí tí kì í ṣe tiyín. Orúkọ wa máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n lè kọ orúkọ kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n lè sọ orúkọ bàbá di orúkọ ìdílé, wọ́n sì lè gbé gbèsè àbúrò tí ẹ jọ ń gbé sínú ìwé tiyín. Ẹ kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ credit report tí àṣìṣe náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ 30 ni òfin fún wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ àti èsì wọn, nítorí pé "mo takò ó" láìsí ìwé kò wúlò.

4. Ẹ tún ọ̀rọ̀ owó-orí ṣe ṣáájú gbogbo gbèsè yòókù. Ẹ fi ìwé ọdún tí ẹ fò ránṣẹ́, kódà bí ẹ kò bá ní owó tí ẹ ó san, nítorí àìfi ìwé ránṣẹ́ àti àìsan owó jẹ́ ẹ̀sùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá IRS, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó-orí ìjọba àpapọ̀, ṣe àdéhùn láti máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Fọ́ọ̀mù 9465 wà fún èyí, ẹ sì lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbàgbé owó-orí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé. Ìlànà SEAD 4 sọ ní tààràtà pé ẹni tó ti bá àwọn agbowó-orí ṣe àdéhùn, tó sì ń pa á mọ́, lè fi ìyẹn gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn.

5. Ẹ bá àwọn tí ẹ jẹ lówó sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba àdéhùn náà ní kíkọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Owó ìtọ́jú ọmọ tí kóòtù ní kí ẹ máa san àti gbèsè ìjọba àpapọ̀ ni ẹ fi ṣe àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wọn, ó sàn kí ẹ máa san $50 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá láìyẹ̀ ju kí ẹ ju $500 sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn olùpinnu máa ń wo bí ìsanwó náà ṣe pẹ́ tó, wọ́n sì máa ń wò ó bóyá ó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ká yín mọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

6. Ẹ kó ẹ̀rí ohun tó fa gbèsè jọ. Ìlànà náà mọ àwọn ìṣòro tó ju agbára ènìyàn lọ: kí iṣẹ́ bọ́, kí òwò dẹnu kọlẹ̀, àìsàn òjijì, ikú, ìkọ̀sílẹ̀, àwọn ayánilówó tí ń rẹ́ni jẹ, àti kí olè fi orúkọ ẹni yá owó. Ṣùgbọ́n apá méjì ni òfin yìí ní, apá kejì sì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ hùwà bí ẹni tó mọ ojúṣe rẹ̀ nígbà tí ìṣòro náà dé. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá yín dúró níbi iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀rí apá kìíní. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí báǹkì ní oṣù yẹn kan náà láti tọrọ ìdẹ̀ra ni ẹ̀rí apá kejì.

Bí owó náà kò bá tó rárá

Ẹ wá ilé-iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn lórí gbèsè tí kì í ṣe fún èrè. Fọ́ọ̀mù náà yóò béèrè bóyá ẹ ń lo irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, èyí sì máa ń ba àwọn kan lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rere ni fún yín nígbà tí ó bá hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti ń yanjú. Ológun lè lọ sí Military OneSource fún ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́, tàbí kí ó tọrọ ẹ̀yáwó tí kò ní èlé lọ́dọ̀ Army Emergency Relief tàbí Navy-Marine Corps Relief Society. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè kí ẹ tó wọ iṣẹ́ ológun, ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin SCRA, tó ní kí èlé gbèsè bẹ́ẹ̀ má ju ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ ṣọ́ra fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò ní kí ẹ dáwọ́ sísan gbogbo gbèsè dúró, kí ẹ máa kó owó náà fún àwọn, pé àwọn yóò bá yín bẹ olówó. Ní àárín oṣù mélòó kan, gbèsè tí ẹ ń san déédéé tẹ́lẹ̀ yóò ti di èyí tó lé ní ọjọ́ 120 láìsan, ẹ̀yin ni ẹ ó sì ròyìn rẹ̀ fún ìjọba.

Bankruptcy, ìyẹn kí ènìyàn lọ sọ ní kóòtù pé apá òun kò ká gbèsè òun mọ́, kì í ti ilẹ̀kùn clearance fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó bófin mu ni. Chapter 7 máa ń pa ọ̀pọ̀ gbèsè rẹ́, nígbà tí Chapter 13 jẹ́ ètò ìsanwó fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ó bá ṣeé ṣe, Chapter 13 ni èmi yóò yàn fún ẹni tó ń wá clearance, nítorí ó ń fi hàn lóṣooṣù pé ẹni náà ń gbìyànjú láti san ohun tó jẹ. Ẹ rí agbẹjọ́rò kí ẹ tó yan èyíkéyìí.

Kíkọ apá 26 nínú SF-86

Apá 26 ni wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè rẹ̀ ń wo ọdún méje sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa tẹ́tẹ́ ń wo gbogbo ọjọ́ ayé yín. Wọn yóò béèrè nípa bankruptcy, owó-orí, ìlòkulò káàdì owó ibi iṣẹ́, owó ìtọ́jú ọmọ, ìdájọ́ kóòtù, ọkọ̀ tí wọ́n gbà padà, ilé tí wọ́n ti lé yín jáde, gbèsè tí wọ́n gé láti orí owó oṣù yín, àti gbèsè èyíkéyìí tó ti lé ní ọjọ́ 120 láìsan.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù nìwọ̀nyí:

- "Mo ti san án, kò yẹ kí n kọ ọ́." Bí ó bá ti bọ́ sínú ọdún méje, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ san án tán.
- "Báǹkì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn." Ohun tí wọ́n ń pè ní charge-off túmọ̀ sí pé báǹkì ti kà á sí àdánù nínú ìṣirò tirẹ̀. Ẹ ṣì jẹ owó náà. Ó lè ti tà á fún ilé-iṣẹ́ tí ń sin gbèsè.
- "Kò sí nínú credit report." Gbèsè tí kò hàn níbẹ̀ lè hàn ní kóòtù tàbí lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.
- "Èmi kọ́ ni mo ná an, mo kàn dúró fún un ni." Oníduùró ni olówó náà ń wò bí ẹni tó yá a kò bá san. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tí kò sì san, gbèsè yín ni.
- Fífi gbèsè ilé-ìwé dá ara ẹni lẹ́bi láìnídìí. Ẹ̀yáwó ilé-ìwé tí ìjọba gbà kí ẹ dá sísan rẹ̀ dúró kì í ṣe gbèsè tó pẹ́ láìsan. Ẹ gba ìwé tó fi èyí hàn.

Ẹ má purọ́ nínú fọ́ọ̀mù yìí. Mo ń bẹ̀ yín ni. Gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ orí F, àlàyé àti ìsanwó sì lè wò ó sàn. Irọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ orí E, tó dá lórí ìwà, ó sì máa ń ba ohun tí gbèsè kò lè bà jẹ́. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú irú ìwé yìí lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Àwọn tó ń wádìí yóò sì gba credit report yín fúnra wọn, nítorí náà, wọ́n lè ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó béèrè.

Àyè wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún àlàyé. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n kí ó ṣe ṣókí. Irú àlàyé tó dára rí báyìí: "Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní oṣù kẹta, mo sì wà láìníṣẹ́ fún oṣù márùn-ún. Mo pe báǹkì ní oṣù kẹrin. Láti oṣù kẹsàn-án, mo ń san $120 lóṣooṣù. Ó ku $1,840." Òǹkà àti ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹkún kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀bi kò sì sí lórí ẹlòmíràn.

Àjọ, owó ilé, àti ilé tí a ń kọ́ sí Nàìjíríà

Fífi owó ránṣẹ́ sí òbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n apá 20 nínú fọ́ọ̀mù kan náà béèrè nípa dúkìá àti àkáǹtì ilẹ̀ òkèèrè, ó sì béèrè bóyá ẹ ti fi owó ran ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà lọ́wọ́ rí. Ilẹ̀ tí ẹ rà sí Ìbàdàn wà lára rẹ̀. Àkáǹtì tí ẹ ṣí sí Èkó pẹ̀lú orúkọ yín wà lára rẹ̀. Bí àpapọ̀ owó inú gbogbo àkáǹtì ilẹ̀ òkèèrè yín bá kọjá $10,000 nígbà kankan láàárín ọdún, òfin tún ní kí ẹ ròyìn rẹ̀ fún FinCEN, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì owó, lórí fọ́ọ̀mù 114, tí wọ́n ń pè ní FBAR. Ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ nípa èyí títí ọ̀rọ̀ clearance fi dé.

Ní ti àjọ, ẹ tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó ń dá a, iye tí olúkúlùkù ń dá, àti ìgbà tó kàn yín. Nígbà tí $15,000 bá ṣàdédé wọ àkáǹtì ẹni tó ń gba $4,000 lóṣù, olùpinnu tí kò mọ àjọ lè kà á sí ọrọ̀ òjijì. Bí wọ́n bá kó o fún yín ní owó bébà (cash), ẹ kó o sí báǹkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báǹkì gbọ́dọ̀ ròyìn owó bébà tó bá kọjá $10,000 fún ìjọba, kò sì sí aburú nínú ìròyìn yẹn. Ohun tó jẹ́ ọ̀ràn ni kí ẹ pín in sí $7,000 àti $8,000 nítorí kí báǹkì má bàa ròyìn rẹ̀, àní bí owó náà tilẹ̀ jẹ́ owó tó mọ́.

Èyí tó nira jù láti sọ ni ti ìnáwó òkú àti àríyá. Mo mọ bí ojú ṣe máa ń ti ọmọ tó wà lókè òkun bí kò bá rí tirẹ̀ ṣe níbi ìsìnkú òbí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó jẹ IRS ní $6,000, tó sì fi káàdì gbèsè san owó màlúù àti aṣọ ẹbí, yóò ṣòro fún un láti sọ pé ìṣòro tó ju agbára òun lọ ló dé bá òun. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú lọ sin òbí ṣeé ṣàlàyé. Àríyá ọjọ́ mẹ́ta kò rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí ẹbí mọ̀ ní tààràtà pé iṣẹ́ tó ń bọ́ gbogbo wa wà nínú ewu.

Bí ẹ bá ti ní clearance lọ́wọ́

Àyẹ̀wò kì í dúró mọ́ títí di ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Continuous Vetting, kọ̀ǹpútà ń yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè, ti kóòtù àti ti ọlọ́pàá wò nígbà gbogbo. Ìlànà SEAD 3 sì ní kí ẹ̀yin fúnra yín lọ ròyìn bankruptcy àti gbèsè tó bá ti lé ní ọjọ́ 120. Ẹni tó ní Top Secret tún gbọ́dọ̀ ròyìn bí wọ́n bá ń gé gbèsè láti orí owó oṣù rẹ̀, tàbí bí owó tó tó $10,000 bá wọlé fún un lọ́nà tí kò wọ́pọ̀, bí ogún. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ààbò ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ mú ètò ìsanwó lọ́wọ́, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ ti ròyìn. Kò sí ohun tó burú bíi kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ ṣáájú yín.

Ẹ yẹ fáìlì yín wò kí ẹ tó jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ìwádìí:

- credit report mẹ́ta, tí kò tíì pé oṣù kan
- ìwé owó-orí ọdún méje láti ọ̀dọ̀ IRS
- àdéhùn ìsanwó kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rí gbogbo owó tí ẹ ti san
- ìwé ohun tó fa gbèsè
- ìṣirò owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lóṣooṣù, pẹ̀lú owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé nínú rẹ̀
- ìwé àjọ àti rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́

Bí SOR bá dé

SOR ni ìwé tí wọ́n fi ń sọ ìdí tí wọn kò fi fẹ́ fún yín ní clearance tàbí tí wọ́n fi fẹ́ gbà á padà. Kò tíì jẹ́ ìdájọ́. Fún àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ sí DOHA, ìyẹn ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà tí àwọn adájọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ clearance, báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ wo ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín. Ọjọ́ 20 ni ẹ ní láti fèsì, pẹ̀lú ìbúra. Bí kò bá tó, ẹ tètè kọ̀wé béèrè àfikún àkókò.
2. Ẹ dáhùn ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: "mo gbà" tàbí "mi ò gbà", kí àlàyé àti ìwé sì tẹ̀ lé e. Ẹ má kọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀.
3. Ẹ yàn bóyá ẹ fẹ́ fara hàn níwájú adájọ́ tàbí kí wọ́n fi ìwé nìkan pinnu. Èmi yóò yan ìfarahàn, nítorí ó fún yín láàyè láti ṣàlàyé ohun tí ìwé kò lè sọ, kí ẹ sì mú ẹlẹ́rìí wá.
4. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀ ní ìpele yìí. Bí adájọ́ bá dá yín lẹ́bi, ọjọ́ 15 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn tí yóò sì gbọ́ ọ kì í gba ẹ̀rí tuntun kankan. Rìsíìtì tí ẹ gbàgbé sílé kò ní àǹfààní mọ́.

Ìlànà tí àwọn ológun àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà kí wọ́n ka gbèdéke tó wà nínú ìwé tiwọn dáadáa, kí wọ́n sì pe agbẹjọ́rò ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá dé.

Bí ìdájọ́ DOHA náà bá dúró, ẹ lè tún béèrè lẹ́yìn ọdún kan, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣì fẹ́ gbà yín fún iṣẹ́ tó nílò clearance. Ẹ mú ìdájọ́ náà, kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbèsè kọ̀ọ̀kan tí adájọ́ dárúkọ, kí ẹ sì fi oṣù méjìlá náà kó rìsíìtì jọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.